Ọdún, Owó àti Oyè: Irú Ẹ̀rí tí Ó Ń Ti Inú Àká Dátà Bọ́ sórí Àtẹ nínú Ìtàn Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ní ọdún 1897 ni Afúnbíowó, Adésìdá Kìíní, gun orí ìtẹ́ Déjì ti Àkúrẹ́. Ní ọdún 1957 ni ó wàjà. Ọgọ́ta ọdún ni ó fi wà lórí oyè, sáà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ náà dọ́gba. Ká ní akọ̀wé kan kọ ọdún méjèèjì ní ìkékúrú, gẹ́gẹ́ bí àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ti máa ń ṣe láyé ijọ́un, tí ó kọ 97 síwájú, tí ó sì kọ 57 tẹ̀ lé e. Bí a bá kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú àká dátà lónìí, tí a fi èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ R bèèrè rẹ̀ padà, tí a sì pàṣẹ pé kí R ka nọ́ńbà méjèèjì sí ọdún tí a gé kúrú, 1997 ni yóò mú jáde fún ìgorí-oyè, yóò sì mú 2057 jáde fún ìwàjà. Òfin kan ni R ń tẹ̀ lé: ọdún tí a bá fi nọ́ńbà méjì péré kọ, bí ó bá wà láàárín 00 sí 68, 20 ni a ó fi ṣíwájú rẹ̀, bí ó bá wà láàárín 69 sí 99, 19 ni.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ olùwádìí lóminú níhìn-ín kì í ṣe pé ọba tí ó ti wàjà di ẹni tí ń bọ̀ wá wàjà. Ẹni tí ó bá wo àtẹ náà dáadáa yóò rí i pé ọdún 2057 kò tíì dé. Èyí tí ó léwu ni pé bí a bá yọ ọdún àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, ọgọ́ta náà ni yóò kù. Ìṣirò gún, ìtàn wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé gígùn sáà àwọn ọba nìkan ni ìwádìí kan fẹ́ mọ̀, tí kò sì tẹ ọdún gan-an sórí ìwé, àṣìṣe ọgọ́rùn-ún ọdún lè gba iwájú olùdarí ìwádìí àti olùdánwò kọjá, kí ó sì wọ inú ìwé tí a dì.

Ìbéèrè tí èyí gbé dìde ni pé ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ irú ohun tí ẹ̀rí kan jẹ́: bóyá ọjọ́ ni, bóyá iye ni, bóyá orúkọ lásán ni. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ni ní èdè R sábà máa ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí ti ẹ̀rọ, ohun kékeré tí a fi àṣẹ kan ṣoṣo tún ṣe kí àtẹ lè dára lójú. Àwọn àkọsílẹ̀ Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò fara mọ́ èrò yìí. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé sísọ irú ẹ̀rí jẹ́ apá kan nínú àyẹ̀wò orísun ìtàn, iṣẹ́ kan náà tí òpìtàn ń ṣe nígbà tí ó bá ń bèèrè ẹni tí ó kọ ìwé kan, ìgbà tí ó kọ ọ́, àti ẹni tí ó kọ ọ́ fún. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ti fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ìdí ẹjọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ irú dátà ti ṣẹ̀

Àṣà fífi nọ́ńbà méjì kọ ọdún kò ṣẹ̀yìn ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n káàdì oníhò ni ó sọ ọ́ di òfin inú ẹ̀rọ. Herman Hollerith ni ó ṣe ẹ̀rọ tí a fi ka irú káàdì bẹ́ẹ̀ nígbà ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1890. Nígbà tí ó yá, káàdì ilé-iṣẹ́ IBM wá ní òpó ọgọ́rin, kò sì sí akọ̀wé tí yóò fi mẹ́rin nínú òpó ọgọ́rin ṣòfò sórí ọdún nígbà tí méjì tó. Ìkànìyàn Nàìjíríà ti 1962 sí 1963 ni a sábà máa ń so ìbẹ̀rẹ̀ lílo kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè yìí mọ́, nítorí náà kò sí ìgbà kan tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ kíka ènìyàn yàgò fún ara wọn níhìn-ín.

Ní 1970 ni E. F. Codd, òṣìṣẹ́ IBM, gbé àbá rẹ̀ jáde pé kí a máa to àkọsílẹ̀ ńlá sí àtẹ onílà àti olópó, kí òpó kọ̀ọ̀kan sì ní irú kan ṣoṣo tí ó lè gbà. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce gbé èdè ìbéèrè tí ó di SQL kalẹ̀. Ní nǹkan bí 1976, John Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs bẹ̀rẹ̀ èdè S fún iṣẹ́ ìṣirò. Láti ara S ni Ross Ihaka àti Robert Gentleman ti fa R yọ ní Auckland, ní New Zealand, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000 ni R 1.0.0 jáde.

Ìran méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí. SQL jẹ́ ọmọ àwọn tí ń tọ́jú ìwé ilé-iṣẹ́; R jẹ́ ọmọ àwọn oníṣirò. Nígbà tí ìbéèrè bá ti ọ̀dọ̀ R wọ inú àká dátà, tí èsì sì padà, ọ̀rọ̀ ẹnìkan ni ẹlòmíràn ń gbọ́ ní èdè tirẹ̀. Odidi nọ́ńbà inú àká di odidi nọ́ńbà inú R, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ju 2,147,483,647 lọ. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Àlàfo tí SQL ń pè ní NULL di èyí tí R ń pè ní NA. Ọjọ́ ni ó ń fa wàhálà jù, nítorí pé SQLite, tí ó jẹ́ àká tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń lò torí pé ó fúyẹ́, kò ní irú tí a ń pè ní ọjọ́ rárá: bí ọ̀rọ̀ tàbí bí nọ́ńbà ni ó ń pa á mọ́. Ohun tí ó wọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ yóò jáde ní ọ̀rọ̀, ẹni tí ó bèèrè ni yóò sì sọ ọ́ di ọjọ́ padà.

Ọjọ́ àti ọdún

A dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, a sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú rẹ̀. Nàìjíríà máa ń kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ báyìí: 3/2/1976, ọjọ́ ṣíwájú oṣù. Ará Amẹ́ríkà tí ó bá rí i yóò kà á sí ọjọ́ 3 tàbí ọjọ́ 2, oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, gẹ́gẹ́ bí ó bá ti mọ ẹni tí ó kọ ọ́ tó. R kò béèrè ẹni tí ó kọ ọ́. Bí a bá fi àṣẹ as.Date lásán ké sí ọ̀rọ̀ náà láìsọ ètò rẹ̀, R yóò rò pé ọdún ni ó ṣíwájú, oṣù ni ó tẹ̀ lé e, ọjọ́ ni ó kẹ́yìn. Yóò mú 3 ní ọdún, yóò mú 2 ní oṣù, yóò mú nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ nínú 1976 ní ọjọ́, yóò sì sọ 76 nù. Ohun tí yóò tẹ̀ jáde ni 0003-02-19: ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì, ọdún kẹta lẹ́yìn ìbí Jésù. Kò ní pariwo, kò ní kìlọ̀. Èyí ni a fi ń sọ pé kí olùbéèrè kọ ètò ọjọ́ náà síwájú R ní gbangba: ọjọ́, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọdún onínọ́ńbà mẹ́rin. Ní ti ọdún onínọ́ńbà méjì, kò sí àṣẹ kan tí ó lè gbà á là; ẹni tí ó mọ̀ pé ìwé kan jẹ́ ti ayé Adésìdá ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá 18 tàbí 19 padà sí ipò kí ìwé náà tó wọ inú àká.

Ṣùgbọ́n wàhálà ọjọ́ kò mọ sí ibi tí ẹ̀rọ ti ṣi ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà. Yorùbá ní ọ̀nà ìkajọ́ tirẹ̀, ọ̀nà náà sì wà nínú àwọn ìtàn ẹnu tí a ń kó jọ. Ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà ni a ń kà mọ́ ọn. Nítorí èyí ni ọjà tí ó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún, tí èyí tí ó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ń jẹ́ ti ìsán, tí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́rìndínlógún sì ń jẹ́ ìtàdógún. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni ó wà nídìí gbogbo wọn. R, ní tirẹ̀, ka ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1970 sí òdo, ó sì ń fi àlàfo tí ó wà láàárín ọjọ́ méjì ṣe ìyàtọ̀ wọn: bí a bá yọ ọjọ́ kìíní oṣù kúrò nínú ọjọ́ karùn-ún, mẹ́rin ni yóò dáhùn. Kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi láàárín àwọn méjèèjì. Ìyá ọlọ́jà ń ka ọjọ́, R ń ka àlàfo.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí olùwádìí bá gbọ́ “ọrọọrún” lẹ́nu àgbà, tí ó kọ 5 sínú òpó tí ó pè ní àárín-ọjà, tí ó sì ní kí R máa fi márùn-ún kún ọjọ́ láti to àwọn ọjà ọdún kan sẹ́yìn. Bí ọjà àkọ́kọ́ bá bọ́ sí òdo, àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní tòótọ́ ni 4, 8, 12, 16 àti 20. Èyí tí R yóò tò ni 5, 10, 15 àti 20. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní bọ́ sí ọjọ́ ọjà kankan, ìyẹn sì lè ta olùwádìí lólobó. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ dán ogún wò lọ́dọ̀ àwọn àgbà, wọn yóò jẹ́rìí sí i pé ọjọ́ ọjà ni lóòótọ́, ọjọ́ òrìṣà rẹ̀ yóò sì bára mu. Ohun tí wọn kò ní mọ̀ láti ẹnu ìbéèrè rẹ̀ ni pé odindi ọjà kan ti sọnù láàárín. Bí a bá wá fi irú àtẹ yìí ṣírò iye ìgbà tí a ná ọjà kan láàárín ọdún, ìdá kan nínú márùn-ún ọjà náà ni ìtàn yóò pàdánù. Nínú òpó, ọrọọrún kì í ṣe nọ́ńbà. Orúkọ ìyípo ni, bí Mọ́ńdè ti jẹ́ orúkọ. Ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a fi í sí, kí òpó mìíràn tí ó dúró tì í sì gbé àlàfo mẹ́rin náà.

Owó

Lórí èyí kò sí ìdí láti pẹ́ títí, ṣùgbọ́n a kò lè fò ó, nítorí pé ilẹ̀ kòkó ni Oǹdó àti Àkúrẹ́, ìwé àkáǹtì kòkó sì pọ̀ nínú ohun tí àwọn ìdílé tọ́jú. Títí di ìparí ọdún 1972, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì ni Nàìjíríà ń ná: pẹ́nì méjìlá nínú ṣílè kan, ogún ṣílè nínú pọ́n-ùn kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà rọ́pò rẹ̀, pọ́n-ùn kan sí náírà méjì. Bí akọ̀wé bá fẹ́ kọ pọ́n-ùn mẹ́ta, ṣílè méje àti pẹ́nì mẹ́fà, 3.7.6 ni ó lè kọ. Iye yìí jẹ́ pọ́n-ùn 3.375, tí í ṣe náírà 6.75. R kò ní ka 3.7.6 sí nọ́ńbà, nítorí ojúùwọ̀n méjì tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni yóò pè é. Bí ẹnìkan bá fi ìkánjú yọ ojúùwọ̀n kejì kí òpó náà lè ṣeé rò pọ̀, 3.76 ni yóò gbé sílẹ̀, èyí tí kì í ṣe pọ́n-ùn, tí kì í ṣe náírà. Bí ẹlòmíràn bá sì sọ fún R pé ọjọ́ ni, R yóò gbà láìjanpata, yóò sì tẹ ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2006 jáde. Ṣílè mẹ́wàá àti pẹ́nì mẹ́fà, tí gbogbo ènìyàn ń kọ ní 10/6, ń di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà nínú àwọn ìwé àtẹ kọ̀ǹpútà kí ó tilẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ R. Bákan náà ni nọ́ńbà fáìlì ṣe rí. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìṣúra Ìwé Ìjọba ní Ìbàdàn mọ ọ̀wọ́ Ondo Prof. 1/1. Bí 1/1 bá dá wà nínú òpó, ọjọ́ ọdún tuntun ni ẹ̀rọ yóò rò pé ó ń rí.

Orúkọ tí kò dúró sójú kan

Orúkọ ni ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ sì ni R yóò kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òpó tí ó ti ṣi ìtàn agbègbè yìí lọ́nà tó “Oǹdó”. Ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlú Oṣemàwé. Ẹkùn kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Àkúrẹ́ ni olú-ìlú rẹ̀, ilẹ̀ Èkìtì sì wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1976 ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Àkúrẹ́ náà ni olú-ìlú, Èkìtì náà sì wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí a yọ ọ́ kúrò. Ìpínlẹ̀ tí ó kù ṣì ń jẹ́ Oǹdó. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni gbogbo wọn.

Ìkànìyàn ni ó fi ohun tí ó wà nínú èyí hàn. Ní 1991, ènìyàn 3,785,338 ni a kà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 2006, 3,460,877 ni. Ẹni tí ó bá bèèrè lọ́wọ́ àká dátà pé kí ó mú ìlà tí orúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Oǹdó wá fún ìkànìyàn méjèèjì, tí ó sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, yóò rí i pé ìpínlẹ̀ náà dín ní ènìyàn 324,461 láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí: àrùn ni, àbí àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Èkó. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Iye 1991 ní ènìyàn 1,535,790 nínú, tí wọ́n wà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó di Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Bí a bá yọ wọ́n, 2,249,548 ni ó kù fún ilẹ̀ tí ń jẹ́ Oǹdó ní 2006, ìpínlẹ̀ náà sì fi 1,211,329 lé sí i. Irú òpó méjèèjì péye ní ojú R: ọ̀rọ̀ ni orúkọ, odidi nọ́ńbà ni iye. Síbẹ̀ àbájáde rẹ̀ jẹ́ òdì kejì òtítọ́. Bí a bá ń pín owó ìjọba àpapọ̀, tí iye ènìyàn sì wà lára ohun tí a fi ń pín in, àṣìṣe irú èyí kì í ṣe ti orí bébà nìkan. Ohun tí ó yẹ ni kí orúkọ agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin tirẹ̀ nínú àká, kí Oǹdó 1976 sí 1996 má bàa bá Oǹdó tí ó tẹ̀ lé e pọ̀ di ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ ìkànìyàn tún gbé ohun kan jáde tí NULL kò lè gbé. A ka ènìyàn ní 1973, a kéde àbájáde, ìjọba Murtala Muhammed sì fagi lé e ní 1975. Àlàfo kọ́ ni iye 1973, nítorí a kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà tí a lè rò pọ̀ mọ́ ti 1963 àti ti 1991 náà kọ́ ni, nítorí a ti wọ́gi lé e. Bí a bá fi NA dípò rẹ̀, a ti pa ìtàn ìjà tí ó bí ìwọ́gilé náà rẹ́; bí a bá fi í sílẹ̀ láìsàmì, a ti jí òkú nọ́ńbà dìde. Òpó kejì ni ó yẹ, tí yóò máa sọ ipò iye kọ̀ọ̀kan lábẹ́ òfin.

Àmì ohùn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ojú ènìyàn rí Àkúrẹ́ bí lẹ́tà márùn-ún. Nínú ètò Unicode, a lè kọ ọ́ ní àmì mẹ́fà, a sì lè kọ ọ́ ní mẹ́sàn-án, gẹ́gẹ́ bí àmì orí àti ìdí bá ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tàbí dá dúró. Kò sí bí a ṣe lè kọ ẹ́ ní àmì ẹyọ kan ṣoṣo rárá, nítorí kò sí ibùjókòó kan fún ẹ tí ó ní àmì ìdí àti àmì ohùn pa pọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá tẹ orúkọ ìlú náà lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìbéèrè ẹnìkan lè má rí ìlà ẹnìkejì. Ọ̀pọ̀ ti tìtorí èyí yọ gbogbo àmì kúrò, wọ́n kọ Akure àti Ondo bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ ọ́. Ìwòsàn yẹn burú ju àìsàn lọ. Àṣẹ tí ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan náà wà nínú àpò irinṣẹ́ stringi ti R, kò sì gba ju ìlà kan lọ.

Oyè àti ètò

Orúkọ oyè jẹ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ní ipò ni. Ní Oǹdó, Lísà ni ó ṣíwájú àwọn ìjòyè Ìwàrẹ̀fà. Jómù, Sàsẹrẹ àti Adájà wà lára àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá bèèrè orúkọ wọn láti inú àká, tí a sì ní kí R sọ wọ́n di ìsọ̀rí, ètò a-b-d ni R yóò fi tò wọ́n: Adájà ni yóò kọ́kọ́ yọ, Lísà yóò wà lẹ́yìn Jómù. Kò sí ààfin tí a lè gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ pé ẹni tí ó gbé e dé yóò rojọ́. R ní irú tí a ṣe fún èyí, ìsọ̀rí tí ó ní ètò, níbi tí olùwádìí ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹni tí ó ṣíwájú àti ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ ètò náà kò sí nínú lẹ́tà orúkọ oyè. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jẹ ẹ́ ni a ti ń gbà á. (Títí di 2020 tí R 4.0.0 jáde, R fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ di ìsọ̀rí láìbéèrè, nítorí pé àwọn oníṣirò tí ó ṣe é kò retí pé ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ohun mìíràn.)

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a tètè ṣe àtẹ lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí a bá fi àṣẹ format fi àmì ìdánudúró sí àárín nọ́ńbà kí ó lè rọrùn fún ojú, nọ́ńbà náà ti di ọ̀rọ̀. Ìkànìyàn 1991 fún gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 88,992,220. Ti 2006 jẹ́ 140,431,790. Bí a bá ti ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́ kí a tó tò wọ́n láti kékeré sí ńlá, ti 2006 ni yóò ṣíwájú, nítorí pé 1 ṣíwájú 8 nínú ètò ọ̀rọ̀. Ọ̀ṣọ́ ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn, lẹ́yìn gbogbo ìṣirò àti gbogbo títò.

Níbi tí ètò àti ọdún bá ti pàdé ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti òfin. Láti ìgbà Òfin Àwọn Ìjòyè ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ti 1957, ìwé ìkéde oyè ọba máa ń sọ iye ìdílé tí ń jọba àti bí wọn yóò ṣe máa tẹ̀ léra wọn. Àtẹ orúkọ àwọn ọba àná ni àwọn ìdílé fi ń gbèjà ipò wọn bí àríyànjiyàn bá dé. Nínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀, àwọn ọba òde òní ní ọdún. Àwọn ti ìṣẹ̀dálẹ̀ kò ní. Ìtàn Oǹdó sọ pé obìnrin ni ó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, Púpùpú, àti pé Airo ọmọ rẹ̀ ni ó jẹ tẹ̀ lé e. Kò sí ọdún tí ènìyàn lè kọ síwájú orúkọ rẹ̀ láìpurọ́. Àwọn kan ti fi òdo sí i, ìyẹn sì fà á lọ sí ìgbà ìbí Jésù; àwọn kan kọ “a kò mọ̀”, ọ̀rọ̀ yìí sì sọ gbogbo ọdún tí ó wà nínú òpó náà di ọ̀rọ̀, títí kan ti àwọn ọba tí a mọ ọdún wọn dájú. NA ni ó tọ́.

Ṣùgbọ́n NA náà ní ibi tí ń gbé e lọ. Bí a bá ní kí SQLite to àwọn ọba Oǹdó gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n gorí oyè, àlàfo ni yóò fi ṣíwájú, Púpùpú yóò sì wà lókè níbi tí ó yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ jọba: Airo àti gbogbo àwọn tí kò ní ọdún yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ láìní ètò láàárín ara wọn. PostgreSQL yóò fi wọ́n sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ọba tí ó wà lórí oyè lónìí. Àṣẹ order ti R yóò ṣe bíi PostgreSQL. Àṣẹ sort, bí a bá fi to ọdún nìkan, yóò yọ àwọn àlàfo kúrò pátápátá, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun yọ nǹkan. Ohun tí àtẹ náà ń fẹ́ ni òpó kan tí kì í ṣe ọdún rárá, tí yóò gbé ipò ọba kọ̀ọ̀kan nínú ìtẹ̀léra gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ni ìtàn ti kà á: 1 fún Púpùpú, 2 fún Airo, títí lọ. Níbi tí ìdílé méjì bá ti ka ìtẹ̀léra náà ní ọ̀nà méjì, òpó méjì ni, kí orúkọ ẹni tí ó kà á sì wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan.